Kí Ohùn Mi Wọlé

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọnù lẹ́nu alágbàfọ̀ náà ni "ẹ káàárọ̀."

Bàbá tíṣà tó máa ń kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá ló wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí káńtà, ó sì dúró. Alágbàfọ̀ tẹ eékún díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó la ẹnu, ètè rẹ̀ mì, ahọ́n rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde. Ó tún un ṣe. Afẹ́fẹ́ lásán ni. Bàbá tíṣà wò ó títí.

"Ṣé kò sí ìkíni mọ́ ni? Àbí torí pé wọ́n ń gbọ́ ẹ lórí fóònù káàkiri, a ò tó kí mọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀fun ló ń yọ mí lẹ́nu." Èyí jáde geere. Ó rò pé ó ti tán nìyẹn, ó tún gbìyànjú "ẹ káàárọ̀," kò rí i. Bàbá tíṣà ti yíjú padà, ó ń kùn lọ sí ìta.

Ó wá ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó wá a níwájú dígí, ó wá a lórí omi ọṣẹ, ó wá a níbi tó ti ń lọ aṣọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù wà níkàlẹ̀, àfi òun. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó kúkú ti pẹ́ tí nǹkan ti ń rẹ̀ ẹ́.

*

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, kí ó wá dúró ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí ooru máa bù ú lójú, kí òórùn oògùn tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n máa wọ̀ ọ́ láyà. Dókítà ti ní kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, bí ẹni pé iṣẹ́ ń so lórí igi. Ohun kan ṣoṣo tó ní yàtọ̀ sí áyọ́ọ̀nù ni ohùn rẹ̀. Ohùn náà tutù, ó rọra wúwo, tó bá ń sọ̀rọ̀ wàá rò pé ìwọ nìkan ló ń bá wí.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gba ohùn náà sílẹ̀, láàárín aṣọ tó fi kọ́ sórí hánígà, torí pé aṣọ tó bá pọ̀ níbì kan máa ń gbé ariwo mì. *Inú Àpò* ni pódíkáàsì rẹ̀ ń jẹ́. Ohun tí àwọn oníbàárà bá gbàgbé sínú àpò aṣọ wọn ló fi ń sọ ìtàn: kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn, eyín ọmọdé tí wọ́n wé sínú bébà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí ẹnikẹ́ni kò fi rin ìrìn àjò. Kì í dárúkọ oníaṣọ, ẹ̀rín inú ètò náà sì máa ń pa ènìyàn.

Ìgbà tí wọ́n kéde ìdíje pódíkáàsì elédè púpọ̀, ó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè á di olóòtú ní ilé iṣẹ́ rédíò. Á jókòó sórí àga, á máa fẹnu ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, "á jókòó" ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje náà nìyí. Adájọ́ mẹ́ta ló wà, èdè márùn-ún, kò sì sí adájọ́ tó gbọ́ ju èdè méjì lọ. Èyí tí wọn kò bá gbọ́, ògbufọ̀ á tú u sínú ìwé. Wọn á fi ojú ka ìtàn, wọn á fi etí gbọ́ ohùn, wọn á sì fún méjèèjì ní máàkì. Máàkì tàwọn adájọ́ jẹ́ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ogójì tó kù wà lọ́wọ́ aráàlú. Òfin kan wá wà lórí ìbò aráàlú: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ di ìbò méjì pa pọ̀, ọ̀kan fún ètò tó wà ní èdè tirẹ̀, ọ̀kan fún ètò tó wà ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá di ẹyọ kan, wọ́n á da ìbò rẹ̀ nù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí èdè ńlá má baà gbé èdè kékeré mì.

Máàkì àwọn adájọ́ kọ́kọ́ jáde. Alágbàfọ̀ ṣe ipò kejì. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ìtàn náà dára, pé òun kàn ń wá ibi tí ẹ̀rín wà ni. Ògbufọ̀ ti tú àwàdà rẹ̀ bí ẹni tú ìwé òfin.

Ta ló wá ṣe ipò kìíní? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní òdìkejì odò. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un fún àbúrò bàbá wọn tó ń gbé níbẹ̀. Èdè ibẹ̀ ló fi kàwé, òun náà ló fi ń ṣe ètò rẹ̀, níbi tí àwọn arúgbó ti máa ń sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọmọ wọn rí. Ó ń sọ èdè ilé dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò náà kò sì gbọ́ èdè ọ̀hún kọjá "ẹ ṣé" àti "ó dàbọ̀." Kò gbọ́ ètò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ìdí rí. Á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì pa á.

Nígbà tó rí ipò kejì yẹn, ó jókòó sórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí, ó sunkún díẹ̀. Kì í ṣe ìlara, tàbí kí a sọ pé kì í ṣe ìlara nìkan.

*

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló júwe ilé Màmá Òkè oníṣègùn fún un. Ilé gíga kan ni, ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé ènìyàn ròkè ti bàjẹ́ tipẹ́, yàrá tó ga jù lọ sì ni Màmá ń gbé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí alágbàfọ̀ fi máa gun àtẹ̀gùn dé ibẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkì.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì tó nípọn ti sọ ibẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Fíríìjì àtijọ́ kan wà ní igun yàrá, kò sí iná nínú rẹ̀, ìgò ló kún inú rẹ̀ bámú. Màmá Òkè wo ojú rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ojú ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó, kó o kọ́kọ́ mí."

Ó mí. Ó ṣàlàyé ìdíje, ó ṣàlàyé ìbò, ó ní oògùn ìfẹ́ràn lòun ń wá, kí aráyé lè máa dìbò fún òun. Màmá Òkè gbọ́ ọ tán. Ó mú ìgò kékeré kan jáde láti inú fíríìjì. Nǹkan kan ń rìn nínú ìgò náà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Fi ẹnu ara ẹ sọ ohun tó o fẹ́ sínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Rò ó dáadáa kó o tó sọ ọ́. Oògùn kì í ṣe ògbufọ̀, kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá gbọ́ ló máa ṣe."

Àtẹ̀gùn yẹn ti gba gbogbo ìrònú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ ẹnu ìgò.

"Kí ohùn mi wọlé."

"Ilé ta?" ni Màmá Òkè bi í.

Ó rò pé àwàdà ni. Ta ni kò mọ̀ pé tí wọ́n bá dìbò fún ènìyàn tó sì jáwé olúborí, ó wọlé nìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lórí ìgò.

"Gbogbo ilé, mà."

Màmá Òkè kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ìgò náà kíákíá bí ẹni tó ń dé ìkòkò tó fẹ́ hó dànù.

"Máa fi pa ọ̀fun kó o tó dé ìdí máíkì," ló wí. "Má sì padà wá bi mí pé kí ló dé."

*

Ìbò ya dé. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé iye rẹ̀ sójú ìwé ìdíje náà, orúkọ *Inú Àpò* á sì ti sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Àwọn tí kò mọ̀ rí ń kí i lójú ọ̀nà. Bí àbájáde ṣe ń dùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń sọnù. "Ẹ káàárọ̀" ló kọ́kọ́ lọ. "Omi" tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni "jọ̀ọ́," tí kò wá lè bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ wá ń tinrín, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù.

Oníbọ́tìnnì wọlé wá bá a lọ́jọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má pè mí ní wèrè. Mo ń fọ abọ́ lánàá, mo gbọ́ tó o kí mi lẹ́yìn. 'Ẹ káàárọ̀,' bí ìwọ gan-an ṣe ń sọ ọ́. Mo yíjú padà, kò sẹ́nì kankan. Fóònù mi wà nínú báàgì, ó ti kú."

"Bóyá aládùúgbò ẹ ló ń gbọ́ ètò mi."

"Aládùúgbò wo? Lẹ́yìn ọrùn mi ni mo ní! Mo gbóòórùn sítáàṣì."

Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rìn-ín pa alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Oníbọ́tìnnì wo ẹnu rẹ̀ tó là, tí kò dún, ó sì lọ láìdágbére.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti là á lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọ̀tá kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ń há, ó sọdá odò wá lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó gbé fúláàsì atalẹ̀ àti oyin dání.

"Wò ó bó o ṣe rù. Ṣé aṣọ lò ń lọ̀ ni, àbí aṣọ ló ń lọ̀ ẹ́?"

"Àǹtí mi, ẹ kú... ẹ kú ọ̀nà."

"Gbà, mu ún. Má fi sílẹ̀ kó tutù."

Ó mu ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó ń bá a pa bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì dé, ó ń sọ ti bàbá arúgbó kan tó fẹ́ fẹ́ gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ tán. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó gbá a lẹ́yìn.

"Má mikàn nípa ìdíje yìí. Mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ fún àwọn tèmi."

Ó ti lọ tán kí ọ̀rọ̀ náà tó délẹ̀ nínú àbúrò rẹ̀. *Àwọn tèmi.* Àwọn wo? Kí ló lè mú kí ẹni tó ń léwájú máa sọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wọn? Gbogbo wa la mọ irú ènìyàn tó máa ń ní "àwọn tèmi" tí kì í dárúkọ wọn. Ó wo fúláàsì, ó rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá òun mu níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, "àǹtí" ti sọnù lẹ́nu rẹ̀.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀dì ni. Àgbà ló sì sọ ọ́, pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó wá rí i nínú ọkàn rẹ̀ kedere: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá kan ní òdìkejì odò, tó fi ẹnu sún mọ́ ẹnu ìgò, tó ń fi èdè tí òun kò gbọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀fun òun. Kò bi í léèrè. Ó da omi atalẹ̀ tó kù sínú gọ́tà, ó sì tún gbéra lọ gun àtẹ̀gùn.

*

"Wọ́n ti dì mí, mà."

Màmá Òkè kò ní kó jókòó. "Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde bí ẹni tó ń fa abẹ́rẹ́ nínú awọ. "Kí ó padà sí i lọ́fun."

"Mo bi ẹ́ pé ta ni, mi ò ní kó o rán mi sí i! Èmi kì í rán nǹkan sí ẹni tí mi ò rí." Màmá Òkè mí kanlẹ̀. Ó jọ pé ó rẹ òun náà. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹnì kan ló rán an?"

Ó mi orí bẹ́ẹ̀ni.

"Ó dáa. Sọ ọ́ báyìí, má fi kún un, má yọ níbẹ̀: kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an, kí ó mú un lọ́fun."

Ó sọ ọ́. Màmá Òkè ṣáná sí nǹkan kan nínú agolo, èéfín rẹ̀ kò ga, ńṣe ló ń fà nílẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé èéfín náà jáde. Ó ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí nǹkan mú un lọ́fun, ó fún un bí kọ́là tí wọ́n pa bọ́tìnnì rẹ̀ dé jù. Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó la ẹnu láti kígbe.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Kò sí "mo," kò sí "yéè," kò sí ìkérora pàápàá.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. *Ẹni tó rán an.* Ilẹ̀kùn ilé kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń din nǹkan nínú ilé ìdáná níbẹ̀, láti inú ilé ìdáná yẹn ni ohùn kan ti sọ pé, "Gbogbo ilé, mà," ó sì rẹ́rìn-ín. Ohùn tutù ni, ó rọra wúwo. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Ìbò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dì fún un ti ṣí ilẹ̀kùn kan, ohùn rẹ̀ sì ti wọlé gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kó wọlé. Kò sọ fún un pé kó jáde.

Ó sáré padà sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn Màmá Òkè. Màmá kò ṣí i. Láti inú ilé ló ti dáhùn.

"Ohun tó bá ti wọlé, onílé nìkan ló lè lé e jáde. Ojúlé mélòó lo fẹ́ kàn? Ẹnu wo lo fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n?"

*

Ọjọ́ àṣekágbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú gbọ̀ngàn. Alágbàfọ̀ ti ṣàlàyé fún un nípa fífi ọwọ́ tọ́ka sí ọ̀fun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ní dókítà kan wà níbi iṣẹ́ òun tí yóò wò ó. Ọwọ́ tó mú un gbóná, ó le bíi ti ẹni tó máa ń gbé aláìsàn. Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ojú tì í, ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀.

Olórí àwọn adájọ́ bọ́ sórí pèpéle. Ògbufọ̀ ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wọn létí. Ó ní àwọn adájọ́ fi ẹ̀gbọ́n ṣíwájú, ṣùgbọ́n ìbò aráàlú ti yí i padà, àbúrò ló wọlé. Ariwo sọ. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ibi tí ìbò náà ti wá: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìbò kejì, láti ọwọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè *Inú Àpò* rárá. Ó wá tẹ ohùn kan jáde, ohùn ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń parí ètò rẹ̀ láti ìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀ tú u, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀:

"Ẹ̀yin tèmi, tí ẹ bá ti dìbò fún mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àbúrò mi ní èkejì. Èmi náà ti fún un. Kò yé yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀."

*Ẹ̀yin tèmi.* Ó fi ọwọ́ kejì bo ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ayọ̀ ni, ó fà á dìde, ó sì mú un gòkè. Wọ́n gbé máíkì sí i lẹ́nu. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró de ohùn tó ti ń bá wọn gbé látọjọ́ yìí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó la ẹnu, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba máíkì. "Ó ní ẹ ṣé," ló wí. "Ó ní ó ti rẹ òun."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tú lọ́jọ́ yẹn tó tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀.

*

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé o ò lè sọ̀rọ̀. Ṣáà gbọ́ mi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó jọ pé kò sùn. "Mo gbọ́ ẹ nínú ilé mi láàárọ̀ yìí. Mo rò pé o ti dé ni, mo tiẹ̀ ti gbé omi tíì kaná. Mo wọ yàrá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi lo ti ń sọ ọ́. O ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ó padà sí i lọ́fun.' Ò ń tún un sọ. Ó ṣì ń sọ ọ́ báyìí."

Alágbàfọ̀ di etí káńtà mú.

"Mo ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú tipẹ́, mo mọ̀ pé etí lè tanni. Torí náà, tí kì í bá ṣe ìwọ, sọ fún mi. Fipá sọ ọ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Sọ pé 'rárá,' mo máa gbà ẹ́ gbọ́."

Ó la ẹnu. Ó fi gbogbo àyà tì í, títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Ó ronú àtikọ ọ́ ránṣẹ́, ìka rẹ̀ ti wà lórí lẹ́tà kìíní kó tó rántí pé èdè tí òun mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀gbọ́n òun kò mọ̀ ọ́n kà. Àti pé kí ló tiẹ̀ fẹ́ kọ? Ṣé "rárá" ni?

"Mò ń dúró," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Nínú fóònù, lẹ́yìn mímí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ ọ́ geere, láìdúró. Wọ́n jọ tẹ́tí sí i, àwọn méjèèjì, ó pẹ́.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo ti gbọ́."